Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Jẹ́ Kí Ìyáálé Mi Kírun

Nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Odò-Ọwá, obìnrin kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ọmọ mẹ́rin ló ti bí, àbíkẹ́yìn wọn sì ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni. Ó ga, ó dúdú, àárín òkè ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le débi pé tí ẹ bá jọ ń rìn, àfi kí ẹ máa sáré tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ epo ló ń ṣe. Ó máa ń ra ẹyìn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, á sè é, á gún un, á fún un, á sì gbé epo rẹ̀ lọ sọ́jà Ìjerò. Lọ́jọ́ tí ó bá ń ṣiṣẹ́, apá rẹ̀ máa ń pupa títí dé ìgúnpá, àwọn ọmọ á sì máa sá fún un kí ó má baà fi kan aṣọ wọn.

N kò ní sọ pé a fẹ́ràn ara wa. A kì í jà, a kì í sì í jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé ìdáná tirẹ̀, mo ní tèmi. Láàárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, á ní, “Ìyàwó, ṣé o jí dáadáa?” Ó parí nìyẹn títí di ọjọ́ kejì. Àgbẹ̀ kòkó ni ọkọ wa, ó sì tún máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn tà. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ó pín ọjọ́ fún wa bí ẹ̀sìn ṣe ní kí ọkùnrin pín in. Ẹni tí ó bá kàn ni yóò se oúnjẹ rẹ̀, yàrá onítọ̀hún náà ni yóò sì sùn.

Nítorí ọjọ́ pínpín yìí ni mo ṣe mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Mo wà nídìí ààrò lọ́jọ́ kan, mò ń ro ọkà, ni ìyáálé mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kì í wá síbẹ̀ rárá tẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó, gba ọjọ́ mi.”

“Ṣé ẹ ń rìnrìn-àjò ni, ìyá wa?”

“N kò lọ síbì kankan. Mo ní kí o gbà á.”

Mo gbà á. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ tún kàn, ó tún ní kí n gbà á. Mo rò pé ọkọ wa ló ṣẹ̀ ẹ́. Ọkọ wa náà rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Kí ló wà láàárín ìwọ àti ìyáálé rẹ?” Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó mi orí. Mo rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí ó dúró síwájú yàrá ìyáálé mi, tí ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò kàn án. Ó yí padà, ó lọ jókòó síta.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo wá rí ẹ̀jẹ̀. Mo jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti pọn omi àlùwàlá, mo bá a lẹ́yìn ilé tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n, ó ń fọ aṣọ. Omi inú ọpọ́n náà pupa. Mo kọ́kọ́ rò pé epo ni, nítorí kò sí aṣọ rẹ̀ kan tí epo kò tí ì kàn rí. Ṣùgbọ́n orí omi ni epo máa ń wà. Eléyìí ti wọ inú omi lọ pátápátá.

Mo ní, “Ìyá wa, ẹ̀jẹ̀ rèé.”

Ó fún aṣọ náà tán ná. Ó wá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. “Nǹkan oṣù mi ló padà dé. Ó ti pẹ́ tí ó ti lọ. Bóyá Ọlọ́run tún fẹ́ fún mi lọ́mọ sí i, kí ìwọ nìkan má baà gba gbogbo ilé lọ́wọ́ mi.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa bá mi ṣeré. Inú mi dùn, mo bá a rẹ́rìn-ín níbẹ̀, nínú òtútù, àwa méjèèjì, pẹ̀lú ọpọ́n ẹ̀jẹ̀ láàárín wa.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún mi. Ó sọ fún mi pé ohun tí ó mú òun fi ọjọ́ sílẹ̀ ni pé bí ọkọ wa bá ti fọwọ́ kan òun, ẹ̀jẹ̀ ni, ó sì ń dun òun bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún òun. Ojú ń ti òun láti sọ fún un. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìkòrò tí ó ń ta àgbo. Obìnrin náà bi í léèrè díẹ̀, ó ní ooru ló wọ ilé ọmọ rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rọ àgbo sínú kẹ́ẹ̀gì fún un. Ìyáálé mi ń mu ún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà dá lóòótọ́. Inú wa dùn. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. A tún lọ gba òmíràn, ó tún dá. Bí ó ṣe ń dá tí ó ń bẹ̀rẹ̀ yìí ló tàn wá jẹ. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti dá la máa ń sọ pé ó ti tán.

Lẹ́yìn náà ni òórùn bẹ̀rẹ̀. N kò mọ bí n ṣe lè sọ ọ́ láì tàbùkù rẹ̀. Obìnrin tí ó mọ́ tónítóní ni, àní nínú iṣẹ́ epo tí ó ń ṣe. Ó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ó ń fi kanáfùrù sábẹ́ aṣọ, ó ń fi tùràrí fín yàrá. Òórùn náà kò lọ.

A jọ wà nínú ẹgbẹ́ Àsàlátù. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú la máa ń ṣe é, gbogbo wa á wọ funfun, a ó jókòó sórí ẹní. Iwájú ló máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, obìnrin tí ó jókòó tì í rọra sún díẹ̀. Èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà sún. Obìnrin kẹta fa ìborùn rẹ̀ bo imú. Wọ́n ń ṣe àsàlátù wọn lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó máa fi di pé a parí, àyè tó ènìyàn mẹ́ta ti wà yí i ká lórí ẹní. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó kó bàtà rẹ̀, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e. Kò lè rìn kíákíá mọ́ nígbà náà, mo bá a lójú ọ̀nà.

“Ìyàwó, padà lọ,” ló wí. “Wọn yóò rò pé ìwọ náà ń rùn.”

Kò tún lọ sí Àsàlátù mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Kò sì kírun mọ́. Èyí gan-an ló dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé obìnrin tí ó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kì í kírun, kì í gbààwẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò ṣe dá mọ́, ó ká ẹní ìrun rẹ̀, ó fi ti ẹ̀yìn àpótí. Bí wọ́n bá pe ìrun ní mọ́sáláṣí, á dákẹ́ ohunkóhun tí ó bá ń ṣe, á jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n fi máa parí. Ààwẹ̀ dé, kò lè gbà á. Mo wọlé bá a ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ó kọjú sí ògiri, ó ń jẹ ẹ̀kọ, omijé ń kán sórí ẹ̀kọ náà.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún. Aláìsàn ni yín, Ọlọ́run mọ̀.”

Ó ní, “Láti kékeré mi, n kò fi ìrun kan sílẹ̀ rí àfi tí mo bá bímọ tàbí tí mo bá ń ṣe nǹkan oṣù. Kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run tí ó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi?”

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ Àáfà àdúgbò wa, mo kúnlẹ̀, mo la gbogbo rẹ̀ yé e láì fi ohunkóhun pa mọ́. Ó tẹ́tí gbọ́ mi, kò gbé ojú kúrò nílẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ oṣù lọ́tọ̀, ẹ̀jẹ̀ àìsàn lọ́tọ̀. Kí ó wẹ ara rẹ̀ mọ́, kí ó di aṣọ mọ́ra dáadáa, kí ó máa ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kí ó kírun rẹ̀. Ìrun rẹ̀ dára bíi tèmi. Ẹ̀yin obìnrin, kí ló dé tí ẹ kì í béèrè?” Ó wá wò mí. “Ṣùgbọ́n àìsàn tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá báyìí kọjá àgbo. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo máa bá ọkọ yín sọ̀rọ̀.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Mo sọ fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, “Àáfà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?” Mo ní òun ni. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó ní kí n bu omi wá. Mo bá a ṣí ẹní ìrun náà, eruku ti bò ó, mo gbọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ń dùn ún nígbà náà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wú. Ó gbìyànjú láti forí kanlẹ̀, kò lè tẹ̀. Orí ìjókòó ló ti kí i. Ìrun ọ̀sán ló ń kí, nígbà tí ó sì sálámà tán, kò dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó ń san èyí tí ó ti fi sílẹ̀. Títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí n bá ń rántí rẹ̀ báyìí, ọ̀sán ọjọ́ yẹn nìkan ni mo máa ń rántí láì ní kí ọkàn mi bàjẹ́.

Ọkọ wa gbé e lọ sí ibùdó ìlera tí ó wà nítòsí wa. Nọ́ọ̀sì tí ó yẹ̀ ẹ́ wò tan iná tọ́ọ̀ṣì, ó wò ó fìrí, ó pa á. Ó ní, “Màmá, ẹ dìde.” Ó rán wa lọ sí Ìjerò, àwọn yẹn náà sì rán wa lọ sí Adó. Èmi ni mo bá a lọ sí Adó, nítorí ó ní òun kò fẹ́ kí ọkọ wa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣí òun wò.

Obìnrin ni dókítà tí a bá, kò sì dàgbà púpọ̀. Wọ́n ti gé díẹ̀ lára ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ọjọ́ tí a padà lọ gbọ́ èsì ni mo ń sọ yìí. Ó fa àga sún mọ́ ìyáálé mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Màmá, jẹjẹrẹ ni. Ọrùn ilé ọmọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọjá ibẹ̀ báyìí, ó ti ràn dé ibi tí ìtọ̀ ń gbà, ó ti kan ẹ̀yìn. Iṣẹ́ abẹ kò lè kó o mọ́.”

Ìyáálé mi ní, “Kí ló wá kù?”

“Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń fi ìtànṣán jó o. Ìpínlẹ̀ mìíràn lẹ máa lọ fún un. Á dín ẹ̀jẹ̀ kù, á dín ìrora kù. N kò ní tàn yín, Màmá, kò ní lọ pátápátá.” Ó wá kọjú sí mi. “Ta lẹ jẹ́ sí wọn?”

“Orogún wọn ni mí.”

“Ọkọ kan náà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó ní, “Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́.”

Ó ṣàlàyé fún wa pé kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fa àìsàn náà, àti pé ìbálòpọ̀ ló ń gbé e káàkiri. Ọkùnrin lè gbé e láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan sí òmíràn kí ohunkóhun má ṣe é. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ní in tí ara wọn á sì lé e jáde láì mọ̀. Lára àwọn mìíràn, á jókòó síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, á máa ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀.

Ìyáálé mi ní, “Dókítà, ta ló fún mi?”

“Kò sí ẹni tó lè mọ̀, Màmá. Ó lè ti wà lára yín kí ẹ tó relé ọkọ. Ẹ má wá ẹni tí ẹ máa di ẹ̀bi rù.”

Nínú takisí tí ó gbé wa padà, èmi àti òun la jókòó lẹ́yìn. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ń rò ó pé, bí ó bá jẹ́ èmi ni mo gbé e wọlé ńkọ́? Ó dá mi lójú pé ohun tí òun náà ń rò nìyẹn. Ní Àràmọ̀kọ, awakọ̀ dúró kí ó lè gbé èrò sí i, ó bọ́ sílẹ̀. Ìyáálé mi wá lanu.

“Kí o tó dé, ara mi le.”

Omijé bọ́ lójú mi.

Ó ń wo àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n tò sẹ́bàá títì. Ó ní, “Ṣùgbọ́n kí èmi náà tó dé, obìnrin kan wà nílé yẹn rí. O kò mọ̀, wọn kì í sọ ọ́. Bàbá àwọn ọmọ ti fẹ́yàwó kan kí ó tó fẹ́ mi. Ó kú. Wọ́n ní inú rírun ló pa á.” Ó kọjú sí mi. “Mo bá àwọn aṣọ rẹ̀ nínú yàrá nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé. Àkísà pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ká a sínú àpò, ṣùgbọ́n àbàwọ́n kò jáde. Mo kó gbogbo rẹ̀ jó nínú iná epo.”

Mo ní, “Ṣé ọkọ wa mọ̀ ni?”

“Kí ni yóò mọ̀? Bí mo ṣe wà yìí, ẹ̀rù ń bà á láti wo ojú mi. Bí o bá sọ fún un pé ara rẹ̀ ló ti ń kọjá lọ sí ara wa, ó máa kú kí n tó kú.” Ó di apá mi mú. “Má sọ fún un, ìyàwó. Ó tọ́jú mi.”

N kò sọ fún un. Títí di òní, ohun tí ó mọ̀ ni pé jẹjẹrẹ ló pa ìyàwó rẹ̀.

Mo lọ ṣe àyẹ̀wò tèmi ní Ìjerò. Mo dùbúlẹ̀, mo la ojú sílẹ̀, mo ń wo àjà. Nọ́ọ̀sì kan ló ṣe é, ó fi òwú tẹ omi kíkan kan síbẹ̀, ó dúró, ó wò ó. Ó ní ibì kan funfun níbẹ̀, kò tí ì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ló ń lọ. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá, wọ́n fi jó ojú ibẹ̀. Inú run mí bí ìgbà tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n dìde, kí n wọ aṣọ mi, kí n máa padà wá kí wọ́n máa wò ó.

Nígbà tí mo délé, ìyáálé mi ti ń dúró dè mí. Ó ti fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn, ó jókòó.

“Kí ni wọ́n rí?”

Ó wù mí kí n parọ́. N kò lè parọ́ fún un. Mo ní, “Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lára mi náà, ìyá wa. Wọ́n ti mú un kúrò.”

“Wọ́n ti mú un kúrò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣé wọ́n là ọ́ ni?”

“Rárá. Wọ́n kàn fi nǹkan kan jó o. Kò pẹ́ rárá, bí ìgbà tí ènìyàn ń gé èékánná.”

Ó ń wò mí. Ó ní, “Alihamudulilahi. Ọlọ́run ṣeun fún ọ.” Ó rọra dùbúlẹ̀, ó yí ojú sí ògiri, ó fa aṣọ bo orí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ tí ó wí lábẹ́ aṣọ náà, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀: “Bí ìgbà tí ènìyàn ń gé èékánná.”

A lọ fún ìtànṣán náà. Ọkọ wa ta kòkó tí kò tí ì gbẹ dáadáa, ó tún ta apá kan nínú oko. A gbé ìlú onílùú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a ń sùn sí ilé ìbátan kan tí kò fẹ́ wa níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà dín kù nígbà tí a padà dé. Ó rìn dé ibi tí ó ti ń ṣe epo, ó jókòó, ó ń júwe fún àwọn tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tí òjò máa fi dá, àìsàn náà ti padà pẹ̀lú agbára. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń jáde láì jẹ́ pé ó mọ̀. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Obìnrin tí n kò lè wọ ilé ìdáná rẹ̀ láì tọrọ àyè, òun ló wà lọ́wọ́ mi bí ọmọ ọwọ́. Oògùn ìrora tí wọ́n kọ fún wa, a kì í rí i rà nígbà mìíràn, a ó wá a dé Ìjerò, dé Àràmọ̀kọ, wọ́n á ní kò sí. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, igbe rẹ̀ máa ń dé òpópónà. Ọkọ wa á jáde lọ sóko láì mú àdá.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan ló kú. Ó ti ní kí n wẹ òun. Ó ní, “Wẹ̀ mí dáadáa, ìyàwó. Mo fẹ́ mọ́.” Mo po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Kò wúwo mọ́ rárá, egungun lásán ni. Ó ní, “Gbé mi lọ ulé,” bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Mo ní, “Ilé la wà yìí, ìyá wa.” Ó mi orí pé rárá. Mo ń wá ìró tí mo máa ró fún un nínú àpótí nígbà tí mo gbọ́ pé mímí rẹ̀ yí padà. Mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dákẹ́.

Àwọn obìnrin Àsàlátù wá láti wẹ òkú rẹ̀. Wọ́n gbé lọ́fínńdà wá, wọ́n gbé òwú wá, wọ́n ń sunkún. Èyí tí ó fi ìborùn bo imú nígbà náà wà láàárín wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo ní, “Mo ti wẹ̀ ẹ́.” Ìyàwó Àáfà ló di èjìká mi mú, ó ní ìyẹn kọ́ ni ìwẹ̀ òkú, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn wọlé, kí n jọ wà níbẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n wọlé. A jọ wẹ̀ ẹ́. Kò sí èyí tí ó bo imú lọ́jọ́ yẹn.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, Àràmọ̀kọ ló wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Ó wá fún àdúà ogójì ọjọ́. Nígbà tí àlejò lọ tán, èmi àti òun jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, a ń fọ àwọn abọ́. Mo sọ fún un nípa àyẹ̀wò náà. Mo ní èmi fúnra mi ṣe é, kò gba àkókò. Mo ní èmi ni n ó bá a lọ sí Ìjerò, n ó dúró tì í.

Ó ń fọ abọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní, “Ọkọ mi ní kò sí ẹni tí ó máa wo ìyàwó òun níbẹ̀.”

“Obìnrin ni nọ́ọ̀sì náà. Obìnrin bíi tìrẹ ni.”

“Mo ti sọ fún un, mà. Ó ní bóyá ó ní ohun tí mo lọ ṣe níta ni ẹ̀rù rẹ̀ fi ń bà mí.”

Mo ní, “Jẹ́ kí bàbá yín bá a sọ̀rọ̀.”

Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. “Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi nìkan kọ́. Bí wọ́n bá wò ó, tí wọ́n rí i ńkọ́?”

“Wọ́n á mú un kúrò ni. Wọ́n mú tèmi kúrò.”

“Wọn kò mú ti màmá mi kúrò.”

“Ti màmá rẹ ti pẹ́ kí a tó mọ̀.”

“Ta ló sọ fún yín pé tèmi kò tí ì pẹ́?” Ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Àwọn ọmọ mi ṣì kéré. Ẹ jẹ́ kí n fi àìmọ̀ yìí tọ́ wọn díẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí mo bá ti mọ̀, n kò ní lè sùn mọ́, n kò ní lè jẹun mọ́. Mo rí màmá mi. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún un ní Adó gan-an ló ti kú.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo jẹ́ ìyàwó bàbá rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú omi abọ́ náà. Ó fà mí dìde, ó ń sunkún, ó ní kí n má fi òun ré. Ó ní òun máa wá. Ó ní kí n jẹ́ kí Iléyá kọjá ná. Ọkọ rẹ̀ fi ọ̀kadà wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó juwọ́ sí mi.

Mo máa ń pè é lórí fóònù. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ, nípa òjò, nípa bí iṣu ṣe wọ́n. Bí mo bá ti fẹ́ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà, á ní ẹnì kan ń pe òun. Iléyá ti kọjá, èyí tí ó tẹ̀ lé e náà ti kọjá. Kò tí ì wá.